Abẹ́rẹ́ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Bàbá Ẹ̀bùnlọlá

Tí ẹ bá wọ inú ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí ẹ rí táyà àlòkù mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ BÍRÉÈKÌ NÌKAN sí lára, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló tẹ̀lé tirẹ̀. Aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ni mo ń rán. Wòsílátù lorúkọ mi, àmọ́ Ìyá Àmínát ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, abẹ́rẹ́ mi gan-an sì wà níbẹ̀.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Ẹ̀bùn. Òun nìkan lobìnrin láàárín gbogbo mẹkáníìkì títì wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bá a ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ bá ń han, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń fà sí apá kan, ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùn ni wọ́n máa júwe fún un. Á ní kí onítọ̀hún wà á síwájú díẹ̀, á dijú, á tẹ́tí, á ní, "Táyà ẹ̀yìn, apá ọ̀tún. Ẹ gbé e wọlé." Mi ò tíì rí ọjọ́ tó sọ apá ọ̀tún tó wá jẹ́ apá òsì.

Festac ni wọ́n bí i sí, ní Àfẹ́núù Kẹrin, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ rí gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Bàbá Olúgbóyèga nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó ti fáìlì, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kò dọ̀tí rí. Ọmọ márùn-ún ló bí. Ọ̀kan ṣe lọ́yà, ọ̀kan ṣe nọ́ọ̀sì, méjì wà lókè òkun. Ẹ̀bùn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn jáde sẹ́kọ́ńdírì, ó ní mẹkáníìkì lòun fẹ́ kọ́.

Ẹ ò bá wà ńbẹ̀ kí ẹ wo ilé yẹn lọ́jọ́ náà!

Màmá Ẹ̀bùn ló sọ fún mi pé Bàbá ò tiẹ̀ pariwo. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú, ó ní, "Mẹkáníìkì. Ó dáa. Ṣáà má fọwọ́ kan ọkọ̀ tèmi." Ọ̀rọ̀ tó sọ wẹ́rẹ́ yẹn ló di òfin. Ogún ọdún gbáko, Ẹ̀bùn ń tún ọkọ̀ gbogbo ayé ṣe, kò gbọdọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, tó wà nínú àpò aláwọ̀ kan báyìí, kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí, kódà kó bá wọn sún ọkọ̀ kúrò nínú oòrùn. Tí wọ́n bá sì bi Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe, ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń sọ? "Ó wà nídìí ètò ìrìnnà."

Ètò ìrìnnà! Nígbà tí Ẹ̀bùn kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi gún ara mi lábẹ́rẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ẹ̀rín yẹn ò dé ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ṣàkírù ní Agboju ló ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ni Ọ̀gá Ṣàkírù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta ilẹ̀, òun ní sípánà ni tòun. Ọdún mẹ́rin ni Ẹ̀bùn lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó gba frídọ̀ọ̀mù, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbàdúrà fún un, ó sì kó sípánà tirẹ̀ gan-an fún un. Màmá Ẹ̀bùn wá, ó se ìrẹsì. Bàbá ò wá. Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn rèé: Ọ̀gá Ṣàkírù yìí kan náà ni mẹkáníìkì Bàbá! Bàbá á wa ọkọ̀ kúrò ní Festac, á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ kọjá, á fun fèrè pí-pí, á ju ọwọ́, á wa ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá ọmọ ní Agboju.

Nínú òjò ọdún yìí lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná kékeré kan wà nínú dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ Bàbá, lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ABS. Bí Ẹ̀bùn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Ó ní téèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì lórí ilẹ̀ tútù, táyà á há, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ bí ọṣẹ lórí táìsì. ABS ló máa ń di táyà mú, tó ń tú u sílẹ̀, tó tún ń dì í mú, kíá-kíá-kíá, kó má bàa há, kí ọkọ̀ lè gbọ́ ti awakọ̀. Ó ní ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ lorúkọ rẹ̀, òun ló ń wo bí táyà ṣe ń yí. Tí ojú kan ṣoṣo ò bá ríran, iná á tàn, ABS á sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Bíréèkì lásán ló máa kù.

Iná yìí tàn lójú Bàbá. Ọ̀gá Ṣàkírù ò ní kọ̀ǹpútà tó ń ka irú iná bẹ́ẹ̀, Bàbá bá gbé ọkọ̀ lọ bá ẹnì kan tó ní in, ìyẹn ní sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú lápá òsì ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Iná ò kú. Ẹlòmíràn tún un pààrọ̀, ó pààrọ̀ waya mọ́ ọn. Iná ò kú. Ẹnì kẹta ní páńpù ABS látòkè délẹ̀ ni wọ́n máa rà. Bàbá ní òun ò ra páńpù kankan. Ọkùnrin yẹn ní kò burú, ó wọ inú ọkọ̀, ó fọwọ́ rọ dáṣíbọọ̀dù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná bá kú fíì. Inú Bàbá dùn. Ó ní èyí gan-an ló mọṣẹ́.

Sọ́ńdè kan ni. Wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Alákijà, òjò ti rọ̀. Bàbá ló ń wakọ̀, Ẹ̀bùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀bùn, Ìyìn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan yọ lójijì. Bàbá tẹ bíréèkì. Táyà há, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, Bàbá ń yí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ò dá a lóhùn. Ọlọ́run ló yọ kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ kọnkéré ẹ̀gbẹ́ títì lọkọ̀ lọ gbá, báńpà wọlé. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, àmọ́ ẹkún Ìyìn, Ẹ̀bùn ní òun ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Nígbà tí Bàbá fẹ́ tún ọkọ̀ ṣí, ó yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná dáṣíbọọ̀dù tàn, ti ọ́ìlì, ti bátìrì, ti bẹ́líìtì. Ojú Ẹ̀bùn wà níbẹ̀.

"Bàbá mi, iná ABS yín ò tàn."

"Ṣebí ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Wọ́n ti tún un ṣe."

"Bàbá mi, tí ẹ bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó tàn ná, lẹ́yìn náà ni yóò tó kú fúnra rẹ̀. Tiyín ò tàn rárá. Wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ ni. Wọn ò tún nǹkan kan ṣe, iná yẹn ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́."

Bàbá wa ọkọ̀ lọ sí Festac. Nígbà tí wọ́n délé ló sọ pé òun máa ta ọkọ̀ náà, pé ẹni tí yóò rà á máa wá gbé e ní Sátidé, nítorí òun ò lè tún gbé ọmọ ọmọ òun sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bùn kúnlẹ̀ sórí táìsì pálọ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ kan péré."

Bàbá yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ọ̀gá Ṣàkírù ni, sà."

"Kí Ṣàkírù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí mi pé ìwọ ni kí n gbé ọkọ̀ yìí fún. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́ ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ. Tí kò bá sọ ọ́ títí di Sátidé, ọkọ̀ lọ nìyẹn."

Ní Mọ́ńdè tó sọ ọ́ fún mi, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣé kò wá rọrùn? Ọ̀gá ẹ tó fẹ́ràn ẹ bí ojú! Pè é lórí fóònù nísinsìnyí."

Ó mi orí. "Àǹtí Wòsí, ẹ ò tíì gbọ́ tán. Mo bi Màmá ìgbà tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá pààrọ̀ bẹ́árìn táyà iwájú ni. Apá òsì."

Bẹ́árìn ni irin róbótó tí táyà fi ń yí, ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó sọ tẹ̀lé e. Ó ní bẹ́árìn ayé àtijọ́ kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bó bá ṣe bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ lo máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ìsinsìnyí, wọ́n ti fi òòfà tẹ́ ojú rẹ̀ kan. Òòfà yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń kà. Ojú méjèèjì dúdú bákan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Tí o bá fi sódì, táyà á yí dáadáa, kò ní dún, kò ní gbọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ nìkan ni yóò máa wo ojú tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Á! Ọ̀gá ẹ ló fi sódì?"

"Ẹ rọra, Àǹtí." Ó wẹ̀yìn bí ẹni pé Ọ̀gá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Ọwọ́ tó gbé lé mi lórí lọ́jọ́ frídọ̀ọ̀mù, ọwọ́ yẹn náà ni kí n lọ sọ pé ó ṣe é sódì? Níwájú Bàbá mi? Wọ́n kì í ṣe é lágbo wa. Ọmọ iṣẹ́ kì í tú nọ́ọ̀tì tí ọ̀gá bá dì. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ta ọkọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tàbùkù ọ̀gá mi, kò sì ní sọ ohun tí Bàbá mi fẹ́ gbọ́ fún mi láéláé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Nílé iṣẹ́ mi, abẹ́rẹ́ kì í gbé nílẹ̀, torí àwọn oníbàárà tó ń bọ́ bàtà wọlé. Òòfà ńlá kan tí mo yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́ ni mo fi ń gbálẹ̀. Mo so okùn mọ́ ọn, mo ń wọ́ ọ kiri abẹ́ tábìlì, abẹ́rẹ́ ń fò mọ́ ọn, ṣín, ṣín.

Ẹ̀bùn dìde dúró. "Àǹtí Wòsí!"

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ kan. Tó kéré jù. Ẹ fi òwú sí i."

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé bẹ́árìn tuntun kan bọ̀, ó tú ọ̀rá rẹ̀. Ó fi òwú gbé abẹ́rẹ́ náà dání ní ẹ̀gbẹ́ ojú kan bẹ́árìn. Abẹ́rẹ́ dúró jẹ́jẹ́. Ó yí bẹ́árìn padà. Ẹ wò ó, abẹ́rẹ́ mi ṣẹ́rí, ó lọ lẹ̀ mọ́ ojú kejì, pẹ́! A wo ara wa. Mo ní kó tún un ṣe. Pẹ́!

Mo ní, "Ẹ̀bùn, má sọ nǹkan kan fún ọ̀gá ẹ. Bi í léèrè ni. Ọmọ iṣẹ́ lè béèrè ọ̀rọ̀, àbí kò lè béèrè? Fún un ní abẹ́rẹ́ yìí, kí ojú tirẹ̀ rí i."

Ó dì mọ́ mi, gírísì gbogbo ara rẹ̀ bá bùbá mi. Mi ò tiẹ̀ bínú.

Ọ̀gá Ṣàkírù kì í jáde lọ ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà, àmọ́ nítorí Ẹ̀bùn ló pè é, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èmi náà ti kírun, mo bá a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Festac. Ẹ ò ní rò pé n óò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mi lọ kí n jókòó sílé.

Bàbá jókòó sí gbàgede, ó di ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀. Ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀. Báńpà tó wọlé yẹn dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tí a kí wọn tán, Ẹ̀bùn kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú, mo ní kí ẹ bá mi wò ó. Èmi ò láṣẹ láti fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ yá."

"Ẹ gbọ́ ọmọ mi!" Ọ̀gá Ṣàkírù rẹ́rìn-ín, ó ká apá ẹ̀wù Jímọ̀ rẹ̀ sókè. "Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì ń yá ọwọ́ mi. Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú méjèèjì."

Wọ́n gbé jáàkì. Ọ̀gá yọ ti apá ọ̀tún, ó yọ ti apá òsì. Ihò kékeré kan kù ní ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, téèyàn bá tan iná fóònù sí i, á rí ara bẹ́árìn nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀bùn wá na abẹ́rẹ́ mi sí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú òwú rẹ̀.

"Kí lèyí? Bíréèkì lo fẹ́ rán ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ mi ni o, ẹ má sọ ọ́ nù."

"Ìyá Àmínát, ṣé ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì?"

Ẹ̀bùn ní, "Ọ̀gá mi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò apá ọ̀tún ná. Rọra-rọra."

Ọ̀gá sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i tí òwú fà le. Ọ̀gá fà á, abẹ́rẹ́ ò tètè fẹ́ wá. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ó bọ́ sí apá òsì, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Òwú rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ó mì ín síhìn-ín, ó mì ín sọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Ó padà sí ọ̀tún. Ó dì í mú. Ó padà sí òsì. Òfo.

Bàbá ti na ọrùn síwájú. Ẹ̀bùn gbé bẹ́árìn tuntun kalẹ̀ lórí àkísà níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá gbé e, ó fi abẹ́rẹ́ wo ojú kan, ó fi wo ìkejì. Pẹ́! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó fi kírun. Mo rò pé inú ti bí i.

Ó gbójú sókè wo Ẹ̀bùn. "O ti mọ̀ kó o tó pè mí."

"Mo rò ó ni, Ọ̀gá mi. Ẹ̀yin lẹ rí i."

Ọ̀gá Ṣàkírù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá, èyí tó ń mì èjìká. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù, ó kọjú sí Bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá ẹlẹ́bi kiri mọ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Èmi ni mo fi bẹ́árìn yìí sódì. Bí mo ṣe ń tẹ ti ọkọ̀ àtijọ́ wọlé ni mo tẹ èyí wọlé, mi ò sì mọ̀ pé ó ti lójú. Gbogbo àwọn tó ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fún yín, ojú tó ríran ni wọ́n ń yọ. Ọmọ yìí nìkan ló béèrè ohun tí ojú ọ̀hún ń wò." Ó fọwọ́ kan Ẹ̀bùn léjìká. "Mo ti kọ́ ọ tán tipẹ́. Ó ti ń kọ́ èmi báyìí. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún un."

Bàbá ò yọ jígí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dìde, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro nǹkan mìíràn. Ìgbà tó jáde, àpò aláwọ̀ yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Bàbá gbé e lé e lọ́wọ́, kò sì tètè mú ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

"Mo ti sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ kó má wá ní Sátidé mọ́," ló ní. "Má dójú tì mí."

"Mi ò ní dójú tì yín, sà."

Láti inú ilé la ti gbọ́ Màmá Ẹ̀bùn tó hó yèè bí ìgbà tí wọ́n bímọ.

Sátidé yẹn, ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀bùn kún. Àwọn ọlọ́kọ̀ láti títì kejì wá wòran. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tú dáṣíbọọ̀dù, ó rí ibi tí wọ́n ti yọ gílóòbù, ó fi tuntun síbẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. ABS tàn, pupa rúsúrúsú. Ó ní, "Káàbọ̀. Sọ tẹnu ẹ, mo ń gbọ́." Ó wá tú táyà, ó tú díìsìkì bíréèkì, ó yọ irin tó gbé bẹ́árìn dání, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti bẹ́árìn àtijọ́ jáde. Ó mú tuntun, ó fi abẹ́rẹ́ mi wo ojú rẹ̀, ó fi ọ̀dà kékeré sàmì sí ojú tó ní òòfà, kó má bàa ṣì í. Ojú yẹn ló yí sí ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ta ló ń na sípánà sí i ní gbogbo ìgbà yẹn? Ọ̀gá Ṣàkírù ni o! "Mẹ́tàdínlógún." Á nà án sí i. "Òòlù." Á nà án sí i. Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ẹ ti padà di ọmọ iṣẹ́." Ọ̀gá ní, "Tí o bá rí ọ̀gá tó dáa tó báyìí, ìwọ náà wá kọ́ṣẹ́."

Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n yí táyà. Tẹ́lẹ̀, táyà mẹ́ta ló ń fi nọ́ḿbà hàn, ti òsì iwájú ń fi òdo hàn. Ẹ̀bùn fọwọ́ yí ti òsì iwájú. Òdo di ẹyọ kan, ó di mẹ́ta, ó di márùn-ún. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò rọ̀. Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Títì fífẹ̀ kan wà nínú ẹ́sítéètì tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹ̀bùn jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. ABS tàn. A rìn díẹ̀, ó kú fúnra rẹ̀. Bàbá na ìka sí i.

"Bàbá mi, ẹ de bẹ́líìtì yín."

Ó wa ọkọ̀ síwájú, ó sáré, omi ń fọ́n káàkiri. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ké "Lá ìláha illalláhu!" Abẹ́ ọkọ̀ ń dún gìrì-gìrì-gìrì, ọkọ̀ sì dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà tirẹ̀. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Bàbá ní, "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó tẹ bíréèkì, ó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ gbọ́ ọ, ó yà síbi tó ní kó yà sí, ó dúró.

Bàbá ní, "Sọ̀ kalẹ̀." Ó pààrọ̀ ìjókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó wà á fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. "Kí ló ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí?"

"Òun náà ló ń ṣiṣẹ́, Bàbá mi. Ẹ má yọ ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Bàbá tún wà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún wà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n gbé gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí, àmọ́ mi ò sọ fún wọn.

Ọ̀gá Ṣàkírù ti wá ra páálí abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ mi. Ó ní gbogbo ọmọ iṣẹ́ òun ni yóò ní tirẹ̀. Èyí tí a lò lọ́jọ́ náà, Ẹ̀bùn ò dá a padà, mo sì ti jáwọ́ bíbéèrè rẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti Túsídè tó tẹ̀lé e. Mo gbọ́ fèrè níta, pí-pí. Ọkọ̀ Bàbá ni. Kò kọjá lọ. Ó yà wọlé, ó páàkì síwájú táyà àlòkù mẹ́ta yẹn, ní gbangba. Ọkọ̀ kejì ń tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Jùwọ́nlọ tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Ẹ̀bùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan tí ẹsẹ̀ nìkan yọ.

"Jùwọ́nlọ, ìwọ lo ní iná bíréèkì rẹ ń tàn. Wò ó. Àbíkẹ́yìn mi nìyẹn. Mẹkáníìkì ni. Kò sí irú rẹ̀ láti ibí dé Badagry."

Ẹ̀bùn wọ́ ara rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. "Bàbá mi, mo ṣe bí ẹ ní ètò ìrìnnà ni mo wà?"

Bàbá wo Bọ̀dá Jùwọ́nlọ, ó wo èmi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àpò aláwọ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ó ní kó bá òun wo táyà ẹ̀yìn náà, pé kò bàjẹ́ o, kó kàn wò ó. Ó dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, ó wọ̀ ọ́ lọ sí Festac, ó ń ju ọwọ́ sí wa títí ó fi yí kọ́nà.